Ṣé aláìnílàákàyè ni ẹni tó ń dá àjọ? Ọ̀rọ̀ lórí aṣèpinnu onílàákàyè

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan, ọmọ Kétu tó ń gbé ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní orílẹ̀-èdè Benin:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹ̀kọ́ nípa ètò ọrọ̀-ajé ni mò ń kà. Olùkọ́ wa ní kí á fi ẹni tí wọ́n ń pè ní aṣèpinnu onílàákàyè ṣàlàyé bí àwọn ará ọjà ṣe ń tọ́jú owó. Ohun tí mo gbọ́ ní kíláàsì ni pé ẹni tó ní làákàyè máa ń yan ibi tí èrè ti pọ̀ jù. Ìyá mi ń ta gàrí àti ẹ̀wà ní ọjà Kétu. Ojoojúmọ́ ló ń fún alájọ ní 500 CFA. Tí oṣù bá parí, alájọ á mú owó ọjọ́ kan, á kó ìyókù fún un. Kò sí èlé kankan, ìyá mi gan-an ló ń sanwó kí wọ́n tó bá a tọ́jú owó ara rẹ̀. Tí mo bá tẹ̀ lé ìwé wa, kò ní làákàyè nìyẹn. Mo ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi ò dùn sí i. Ọ̀rẹ́ mi tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tún ní aṣèpinnu yìí kan náà ni wọ́n fi ń kọ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá (AI). Ṣé òótọ́ ni? Ta tiẹ̀ ni ẹni yìí, tí kò jọ ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀?"

* * *

Àbúrò, má tíì fi iṣẹ́ yẹn ránṣẹ́.

Ẹni tó bá sọ pé aṣèpinnu onílàákàyè ni ẹni tó ń lé owó ti gé ọ̀rọ̀ náà kúrú jù. Ohun tí àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ń sọ kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Wọ́n ní ẹnì kan wà tó ní ohun tó ń fẹ́. Ó ní ohun tó mọ̀ nípa bí nǹkan ṣe rí. Ó ní àwọn ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ fún un. Bí ó bá mú ọ̀nà tó máa gbé e súnmọ́ ohun tó ń fẹ́ jù lọ, níwọ̀n ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ mọ, ó ti lo làákàyè nìyẹn. Wọn ò sọ pé owó ló gbọ́dọ̀ máa fẹ́. Wọn ò tiẹ̀ sọ pé ohun tó ń fẹ́ gbọ́dọ̀ dára. Olè tó ṣọ́ ilé fún ọjọ́ pípẹ́ kó tó wọ̀ ọ́ ti lo làákàyè, bí ẹ bá ń fi ojú tiwọn wò ó.

Ní 1944, John von Neumann àti Oskar Morgenstern sọ ọ́ di ìṣirò. Wọ́n ní bí yíyàn ènìyàn bá tẹ̀ lé òfin mélòó kan, a lè fi nọ́ńbà ṣojú bí ohun kọ̀ọ̀kan ṣe tẹ́ ẹ lọ́rùn tó. A ó wá fi bí ó ṣe ṣeé ṣe tó kí ohun kọ̀ọ̀kan ṣẹlẹ̀ sọ nọ́ńbà rẹ̀ di púpọ̀, a ó ro wọ́n pọ̀, a ó sì rí i pé ńṣe ni ẹni náà ń ṣe bíi pé ó ń wá ibi tí àròpọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù. Òfin kan nínú wọn rèé: bí o bá fẹ́ iyán ju ẹ̀bà, tí o sì fẹ́ ẹ̀bà ju àmàlà, o ò gbọdọ̀ tún wá sọ pé o fẹ́ àmàlà ju iyán. Bí o bá sọ bẹ́ẹ̀, èmi lè jẹ ọ́ run. Ká ní àmàlà ló wà níwájú rẹ. Màá gba 25 CFA, màá fi ẹ̀bà pààrọ̀ rẹ̀ fún ọ. Màá gba 25 míì, màá gbé iyán wá. Màá tún gba 25, màá dá àmàlà rẹ padà fún ọ. A ti padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀, àpò rẹ nìkan ló fúyẹ́, o sì tún ti ṣe tán láti bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Nínú gbogbo òfin wọ̀nyẹn, kò sí ibi tí wọ́n ti dárúkọ èlé tàbí báǹkì. Ìyá rẹ kò tíì rú òfin kankan.

* * *

Ẹ̀yin tí ẹ dá sí ọ̀rọ̀ àjọ lábẹ́ ìbéèrè yìí pọ̀ gan-an. Ẹ jẹ́ kí n kó ohun tí ẹ sọ jọ, nítorí àwọn kan ti ń bú ara wọn.

Ẹnì kan ní Àjàṣẹ́ ṣe ìṣirò pé 500 lójúmọ́ fún ọjọ́ 31 jẹ́ 15,500. Obìnrin náà gba 15,000. Ohun tí alájọ mú fi díẹ̀ lé ní 3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó wá fi oṣù 12 sọ ọ́ di púpọ̀, ó ní ó ń lọ sí 39 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, pé kò sí báǹkì tó ń ṣe irú ìkà bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ kan dìde, ó ní irọ́ ni. Bí a bá ka oṣù kọ̀ọ̀kan sí ọjọ́ 31, owó tí obìnrin náà dá lọ́dún kan jẹ́ 186,000, alájọ sì mú 6,000, 3 àti díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún náà ló ṣì jẹ́. Ibẹ̀ ni ariwo ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn méjèèjì mọ ìṣirò. Ẹni àkọ́kọ́ ń wò ó bíi pé owó kan ṣoṣo ló jókòó sọ́wọ́ alájọ láti January títí di December, tó sì ń gé e lóṣooṣù. Ẹnì kejì ń wo gbogbo owó tó gba ọwọ́ alájọ kọjá. Bí ibi tí owó yóò ti bímọ ni ìyá yẹn ń wá, ti ẹni àkọ́kọ́ là bá gbà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó ń wá nìyẹn. Ohun tó ń wá ni kí owó tó bá ti ọjà dé má tú ká kí oṣù tó parí, kí ó lè fi ra àpò gàrí lẹ́ẹ̀kan náà dípò kó máa rà á ní kóńgò kóńgò. Owó iṣẹ́ ni 500 tó ń san yẹn, bí ènìyàn ṣe ń sanwó fún alábàárù.

Ẹ mú káàdì àjọ kan dání kí ẹ wò ó dáadáa. Páálí kékeré ni, àpótí 31 ló wà lára rẹ̀. Alájọ á yà sí ìsọ̀, á gba owó, á fi báírò sàmì sí àpótí tòní, á buwọ́ lù ú. Àpótí àkọ́kọ́ ni tirẹ̀. Obìnrin tí kò kàwé rí lè ka àpótí tó ti kún, kò nílò ẹni tó máa kà á fún un. Ní ọjọ́ tí ọjà bá ta, tí ènìyàn sì ti ń wo aṣọ kan lápá kejì ọ̀nà, alájọ á dúró síwájú igbá, á kí i, á bá a ṣeré, kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí wọn yóò fi fún un. Ìdúró yẹn wà lára ohun tí ìyá náà ń sanwó fún.

Kí ló sì ń jẹ owó tó bá wà nílé? Ẹ̀gbọ́n ọkọ tó fẹ́ sìnkú. Ọmọ àbúrò tí wọ́n lé wálé nítorí owó ilé-ìwé. Aṣọ ẹgbẹ́. Ọkọ fúnra rẹ̀ nígbà míì. Kò sí bí ènìyàn ṣe máa wo ojú ẹbí kó ní òun ò fẹ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n tó bá ní "ó ti wà lọ́wọ́ alájọ," ọ̀rọ̀ ti tán, kò sí ẹni tó máa bínú. Bí ẹ̀bẹ̀ ẹbí bá lè kó 2,000 lóṣù nínú kóló tó wà lábẹ́ ibùsùn, tí 500 tí alájọ mú sì dá 2,000 yẹn dúró, ta ni kò mọ ìṣirò nínú ìyá náà àti àwa?

Àwọn ọ̀dọ́ sọ pé MTN MoMo àti Moov Money ti dé, kí la tún ń fi káàdì ṣe. Òótọ́ ni pé wọ́n wúlò. Àwọn obìnrin tí mo mọ̀ ní ọjà Ouando ń fi fóònù gba owó ọjà. Ṣùgbọ́n owó tó wà lórí fóònù súnmọ́ ọwọ́ jù fún ẹni tó fẹ́ kí owó jìnnà sí òun. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń lo méjèèjì, kálukú fún iṣẹ́ tirẹ̀.

Àjọ léwu o, mi ò sọ pé kò léwu. Alájọ lè sá lọ, kí gbogbo àpótí tó kún di òfo. Ẹni tó bá lo làákàyè gbọ́dọ̀ ka ewu yẹn mọ́ ìṣirò rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi ń béèrè ilé bàbá alájọ kí wọ́n tó gba káàdì rẹ̀. Ohun tí mò ń bẹ àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ni pé kí wọ́n tó pe ẹnikẹ́ni ní aláìnílàákàyè, kí wọ́n kọ́kọ́ wádìí ohun tó ń kà tí àwọn kò kà.

* * *

Ẹnì kan mú ọ̀rọ̀ zémidjan wá, àwọn alùpùpù tó ń gbé èrò. Ó ní ọjọ́ tí èrò bá pọ̀, bíi ọjọ́ òjò, àwọn oní-zémidjan á tètè lọ sílé, ọjọ́ tí kò sí èrò ni wọ́n máa ń wà níta títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó ní òdìkejì ló yẹ kí wọ́n ṣe.

Wọ́n ti jà sí ọ̀rọ̀ yìí ní ibi tó jìnnà sí wa. Ní 1997, Colin Camerer, Linda Babcock, George Loewenstein àti Richard Thaler gbé iṣẹ́ kan jáde lórí àwọn awakọ̀ takisí ní New York. Wọ́n ní awakọ̀ máa ń fi iye kan sọ́kàn fún ọjọ́ kan, tó bá ti pé, ó di ilé. Ní 2005, Henry Farber yẹ àkọsílẹ̀ àwọn awakọ̀ takisí ìlú yẹn wò, ó ní ohun tó ń lé wọn lọ sílé jù ni wákàtí tí wọ́n ti fi ṣiṣẹ́. Lójú tirẹ̀, àárẹ̀ ló ń mú wọn lọ sílé, ìṣirò wọn kò ní àléébù.

Ní Àjàṣẹ́, èmi rí méjèèjì. Púpọ̀ nínú àwọn awakọ̀ wa ló ń fi alùpùpù ẹlòmíràn ṣiṣẹ́, iye kan sì wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ jíhìn fún ẹni tó ni ín lójúmọ́. Títí iye yẹn yóò fi pé, àyà wọn kò balẹ̀. Tó bá pé, ara á rọ̀. Ẹ tún wo ọjọ́ òjò tí ẹ ń sọ. Èrò pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ń yọ̀, ènìyàn á lọ jìnnà kó tó rí ọ̀nà tí omi kò bò, tí alùpùpù bá sì ṣubú, awakọ̀ ni yóò tún un ṣe. Èrò tó pọ̀ kì í fìgbà gbogbo di owó tó pọ̀.

Síbẹ̀, àwọn awakọ̀ kan ti sọ fún mi fúnra wọn pé tí iye ọjọ́ bá ti pé, wọ́n ti parí iṣẹ́, ìbáà jẹ́ aago mẹ́ta ọ̀sán, ìbáà jẹ́ ọjọ́ òmìnira wa, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ, tí gbogbo ìlú wà níta tí ọ̀nà sì gbẹ. Owó ń bọ́ lọ́wọ́ wọn nìyẹn. Mi ò sí lára àwọn tó gbà pé gbogbo ohun tí mẹ̀kúnnù bá ṣe ló ní ìdí ìjìnlẹ̀. Ẹni tó bá ka mẹ̀kúnnù sí ènìyàn gbọ́dọ̀ gbà pé òun náà lè ṣi nǹkan ṣe.

* * *

Ọ̀rọ̀ ti yà sí epo kpayo, epo ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé wọlé láti Nàìjíríà láìgba ọ̀nà òfin, ẹ jẹ́ kó yà.

Ẹ rántí ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023. Ààrẹ Tinubu kéde níbi ìbúra rẹ̀ ní Nàìjíríà pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, epo tí lítà rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 190 náírà fò sókè dé nǹkan bíi 500. Àwa tí à ń ra epo inú ìgò lẹ́bàá títì ní Àjàṣẹ́, ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀ẹ́ kò ráyè mí. Ohun tí ẹ ń jà sí ni àwọn tó ti ra epo tiwọn ní owó àtijọ́, tí wọ́n sì tà á ní owó tuntun lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀pọ̀ yín ní olè ni wọ́n.

Ẹ gbà mí láàyè kí n gbèjà wọn díẹ̀. Obìnrin tó ní kẹ́ẹ̀gì epo mẹ́ta kò ní owó, epo ló ní. Bí ó bá tà á ní owó àná, owó tó bá gbà kò ní lè ra kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta lọ́la, bóyá ló máa ra méjì. Iye tó máa ná an láti fi òmíràn rọ́pò ni iye epo náà lónìí, kì í ṣe iye tó fi rà á. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì náà nìyẹn, ìyá elépo sì mọ̀ ọ́n láìka ìwé.

Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń dùn yín, kì í sì í ṣe ẹ̀yin nìkan ló ń dùn. Ní 1986, Daniel Kahneman, Jack Knetsch àti Thaler béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ àwọn ará Kánádà. Ilé ìtajà kan ń ta ṣọ́bìrì tí wọ́n fi ń kó yìnyín ní dọ́là 15. Yìnyín já lóru, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n sọ ọ́ di 20. Ṣé ó tọ́? 82 nínú ọgọ́rùn-ún ní kò tọ́. Àwọn tó ń dáhùn yẹn mọ̀ pé ọlọ́jà lè ṣe é. Lójú tèmi, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn yóò rántí rẹ̀.

Ìrántí yẹn sì ni nǹkan. Obìnrin tí mo ń ra epo lọ́wọ́ rẹ̀ ta èyí tó kù nílẹ̀ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní owó àtijọ́, ó ta á fún àlejò ní owó tuntun. Àwọn kan bú u pé ó ń ṣojúsàájú. Èmi wò ó pé ó ṣe ìṣirò tó jìnnà ju ti aládùúgbò rẹ̀ lọ. Ẹni tó gbé owó lé àlejò lórí kò pàdánù ẹnikẹ́ni, nítorí àlejò kò ní padà wá. Àwọn tó máa padà wá ló dáàbò bò. Ẹ má ṣe da ìyẹn pọ̀ mọ́ inú rere o. Ó lè jẹ́ inú rere, ó lè jẹ́ ọgbọ́n ọjà, ó sì lè jẹ́ méjèèjì. Ìṣirò kò lè sọ èyí tó jẹ́ fún wa.

* * *

Àbúrò béèrè nípa ẹ̀rọ, a sì ti pa á tì.

Ọ̀rẹ́ rẹ kò parọ́. Ẹnì kan wà tó dúró sí ìdí ìmọ̀ méjèèjì, orúkọ rẹ̀ ni Herbert Simon. Òun àti Allen Newell gba àmì-ẹ̀yẹ Turing, tó ga jù nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ní 1975. Ní 1978, wọ́n fún òun fúnra rẹ̀ ní ẹ̀bùn Nobel nínú ètò ọrọ̀-ajé. Ohun tó kọ ní 1955 ni pé ènìyàn kò ní àkókò, kò ní ìmọ̀, orí rẹ̀ kò sì gba gbogbo ìṣirò tí àwọn onímọ̀ rò pé ó ń ṣe. Ẹni tó lọ ra iṣu ní ọjà Ṣábẹ̀ẹ́ kì í yẹ gbogbo òkìtì wò. Ó ti mọ bí iṣu tó fẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó àti iye tó fẹ́ san, tó bá rí èyí tó bá a mu, ó ra á, ó lọ sílé. Simon ní ìyẹn náà jẹ́ làákàyè, làákàyè ẹni tí agbára rẹ̀ ní ìwọ̀n. Èrò yìí kan náà ló gbé dé ìdí kọ̀ǹpútà, nítorí pé ẹ̀rọ náà kò lè yẹ gbogbo ọ̀nà wò.

Ní 1995, Stuart Russell àti Peter Norvig gbé ìwé ẹ̀kọ́ kan jáde tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá ń kà káàkiri ayé. Wọ́n fi aṣèpinnu ṣe òpó ilé. Ẹ̀rọ ń gba ìròyìn láti àyíká rẹ̀, ó ń gbé ìgbésẹ̀, a sì fún un ní òdiwọ̀n tí a ó fi mọ̀ bóyá ó ṣe dáadáa. Èyí tó ní làákàyè ni èyí tó ń gbé ìgbésẹ̀ tí a lè retí pé yóò gbé òdiwọ̀n yẹn ga jù, níwọ̀n ohun tó ti rí. Àwọn fúnra wọn kìlọ̀ pé bí o bá sọ fún ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ pé iye ìdọ̀tí tó bá gbá ni wàá fi yìn ín, ó lè gbá ìdọ̀tí, kó dà á sílẹ̀, kó tún gbá a.

Ní 2016 irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lójú àwọn oníwádìí ní OpenAI, ilé-iṣẹ́ tó ṣe ChatGPT lẹ́yìn náà. Wọ́n kọ́ ẹ̀rọ kan láti máa wa ọkọ̀ ojú omi nínú eré orí kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ CoastRunners. Eré ìje ni. Ṣùgbọ́n máàkì ni wọ́n fún un láti lé, máàkì sì wà lára àwọn nǹkan tí ọkọ̀ ń gbá lójú ọ̀nà. Ẹ̀rọ náà rí ibì kan tí nǹkan wọ̀nyẹn ti ń padà jáde. Ó dúró síbẹ̀, ó ń yí po, ó ń forí gbá àwọn ọkọ̀ mìíràn, iná ń jó lára rẹ̀, kò sì parí ìje náà láéláé. Máàkì rẹ̀ ju ti ènìyàn tó ń sáré náà dáadáa lọ.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ wò rèé. Nígbà tí onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé bá pàdé ìyá alájọ, ohun tí ìyá náà ń kà pọ̀ ju ohun tí onímọ̀ kọ sílẹ̀ lọ. Àwa la ní láti wá a rí. Ti ẹ̀rọ kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun mìíràn tó ń kà ju èyí tí a kọ fún un. Kò sí ẹbí tó ń bẹ̀ ẹ́, kò sí ojú tó ń tì í. Ohun tí a bá gbàgbé láti kọ, òfo ni lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí a bá mú ìwé kíláàsì tí ó ní owó nìkan ni ènìyàn ń lé, tí a sì fi kọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà yóò gbà wá gbọ́.

* * *

Ẹnì kan takò mí pé ChatGPT àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò lé nǹkan kan, pé ọ̀rọ̀ tó kàn ni wọ́n ń sọ tẹ́lẹ̀. Ìpele àkọ́kọ́ rí bẹ́ẹ̀. Ìpele mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n á fi ìdáhùn méjì han ènìyàn, ẹni náà á yan èyí tó dára jù lójú rẹ̀, wọ́n á sọ yíyàn wọ̀nyẹn di nọ́ńbà, wọ́n á sì tún ẹ̀rọ náà kọ́ kó lè máa gba nọ́ńbà tó ga. Ìṣirò tí wọ́n sábà ń lò fún un ti wà láti 1952, ti Ralph Bradley àti Milton Terry ni. Ó gbà pé ohun tí ẹni tó ń yàn fẹ́ jù ní ti gidi ló sábà máa ń yàn. Ṣùgbọ́n ènìyàn lè yan ìdáhùn tó pọ́n ọn lé ju èyí tó sọ òótọ́ fún un, ẹ̀rọ á sì kọ́ ìpọ́nlé. Bí ẹni tó ń yàn kò bá gbọ́ Yorùbá Kétu, ó lè yan èyí tó gùn, tó sì rẹwà lójú. Nítorí náà, aṣèpinnu onílàákàyè wà nínú rẹ̀. Ènìyàn tó ń yan ìdáhùn yẹn ni.

* * *

Àbúrò, wàá ní kí ni kí o wá kọ. Kọ ìtumọ̀ ti 1944 bí ó ṣe rí, láìfi owó kún un. Kọ ìṣirò méjèèjì lórí àjọ, kí o sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń wọ̀n. Lẹ́yìn náà, pe ìyá rẹ kí o béèrè ohun tí ì bá ti jẹ owó náà ká ní kò sí lọ́wọ́ alájọ, kí o sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú iṣẹ́ rẹ. Bí olùkọ́ bá ní kò sí nínú ìwé, fi Simon hàn án.

* * *

Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́ ní àwọn ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí jìnnà, pé ta ló rí i nítòsí. Èmi rí i.

Ẹgbẹ́ olùra kajú kan, mi ò ní dárúkọ wọn, ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá wọn kọ ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa sọ abúlé tí ọkọ̀ yóò lọ lójúmọ́. Òdiwọ̀n tí wọ́n fún un ni kí kílò tí wọ́n rí rà ní 1,000 CFA kọ̀ọ̀kan pọ̀ jù. Ètò náà ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. Ó ń rán ọkọ̀ síbi tí wọ́n ti ń ṣa kajú nílẹ̀, tí wọ́n sì ń dà á sápò láìsá a sóòrùn, nítorí ibẹ̀ ni owó rẹ̀ ti kéré tí kílò rẹ̀ sì ti pọ̀. Omi ló wúwo. Omi ni wọ́n ń rà.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà kì í fi kílò nìkan ra kajú. Á bu nǹkan bíi kílò kan láti inú àpò, á fi ọ̀bẹ là á lọ́kọ̀ọ̀kan sí méjì, á ṣa èyí tó kún tó sì funfun sápá kan, á ṣa èyí tó dúdú, tó rọ, tí kòkòrò ti jẹ sápá kejì. Á wọn èyí tó dára. Ibẹ̀ ni yóò ti mọ iye ojúlówó kóró tí àpò 80 kílò lè mú jáde, èyí tí àwọn oníṣòwò kajú ń pè ní KOR. Àwọn àgbẹ̀ tó mọ̀ ọ́n máa ń dúró ti olùra nígbà tó bá ń là á, kí ó má baà ṣa èyí tó dára mọ́ èyí tí kò dára.

Nígbà tí wọ́n yí òdiwọ̀n padà sí ìwọ̀n ojúlówó kóró, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbi tó yẹ. Ìṣòro kejì yọjú. Àwọn abúlé kéékèèké tí kajú wọn dára àmọ́ tí kò pọ̀, ètò náà fi wọ́n sílẹ̀ pátápátá, nítorí owó epo ọkọ̀. Wọ́n tà á fún ẹlòmíràn, nígbà tí ìkórè mìíràn dé, wọn ò tọ́jú ẹyọ kan de ẹgbẹ́ náà. Ìkórè tó ń bọ̀ kò sí nínú òdiwọ̀n. Mo gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dé gbogbo abúlé, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ní àsìkò kajú, ìbáà jẹ́ àpò méjì ló wà níbẹ̀. Wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Èyí tí ó ṣì ta kókó ni owó àsansílẹ̀. Nígbà tí oúnjẹ bá wọ́n, tí kajú kò tíì so, àgbẹ̀ á wá gba owó lọ́wọ́ olùra, wọ́n á sì fohùn ṣọ̀kan lórí iye tó kéré sí ti ọjà. Ètò kọ̀ǹpútà ń rí gbèsè tí ó lè má padà, ó ní kí wọ́n dín in kù. Àwọn olùra àgbà ní àwọn ò lè dín in kù, pé owó yẹn ló ń mú kí ọmọ abúlé pè wọ́n kó tó pe ẹlòmíràn. Àwọn àgbẹ̀ ní iye tí wọ́n ń bá àwọn ṣe kéré jù. Mo gbà pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní àwíjàre. Bí ẹnì kan nínú yín, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Kétu, bá ti rí ẹgbẹ́ tó fi èyí sínú ìṣirò wọn tí tọ̀tún-tòsì sì fara mọ́ ọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sọ iye tí wọ́n fi sí i àti bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀.